Ẹni Tó Fún Òṣùwọ̀n Nísinmi

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló rí òkú Akọ̀wé. Ó ti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹgbẹ́, ó ti nu àtẹ̀gùn, ó wá ṣílẹ̀kùn yàrá ńlá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Bàtà ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ rí lẹ́yìn tábìlì onírin. Ó rò pé Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, pé ó ń wá nǹkan tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kí i pé ẹ káàárọ̀. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn, ó sáré lọ síbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí ọkùnrin náà lé itan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì sì ra aṣọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló figbe ta.

Igbe yẹn ló kó bá a. Àwọn ará àdúgbò ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn wọn ni Alága ẹgbẹ́, ẹni tí ilé rẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀. Alága ò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kó lọ. Nígbà tí ọlọ́pàá méjì dé, kò béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá Akọ̀wé ṣì ń mí. Ohun tó ní kí wọ́n bá òun wò ni bóyá àpótí ọmọ ìwọ̀n onídẹ kan, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n, ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n wò ó, kò sí níbẹ̀. Alága mi orí, ó ní olè ti dé, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ nàka sí obìnrin náà.

Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó bá jalè tó sì pa èèyàn, ṣé ó máa tún padà wá kígbe pe gbogbo àdúgbò lé ara rẹ̀ lórí? Ibo ló wá kó àpótí ọ̀hún sí, nígbà tí kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju ìgbálẹ̀ lọ? Ìbéèrè tí ọmọdé lè béèrè nìyí, àgbàlagbà méjì tó wọṣọ ìjọba ò béèrè rẹ̀. Alága, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń sọ̀rọ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́, èdè rẹ̀ sì gún. Agbálẹ̀ lẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn kàn. Wọ́n ní ó ti gbé àpótí náà fún ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, wọ́n sì kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún ni gbogbo tésàn ń pè ní Jẹ́-n-Jókòó. Orúnkún rẹ̀ kan máa ń dùn ún, nítorí náà ibi yòówù kó dé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ jẹ́ n jókòó ná." Àwọn tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ rí mọ̀ pé tó bá ti jókòó báyìí, kò ní dìde bọ̀rọ̀.

Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó kékeré kan nínú yàrá náà, ó ń wò yíká. Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Irinṣẹ́ Àtijọ́ ló ni ilé náà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá àwọn irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ayé àtijọ́ lò, kí wọ́n máa tọ́jú wọn, kí wọ́n sì máa kọ ìtàn wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri méjèèjì. Awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ wà níbẹ̀, kọ́ńpáàsì àwọn atukọ̀ wà níbẹ̀, àti àwọn maikirosikópù onídẹ tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ nù kí wọ́n má bàa pàdánù àwọ̀ àgbà wọn. Tábìlì onírin ti yẹ̀ kúrò nípò. Ìwé fọ́n káàkiri ilẹ̀, iná tábìlì ti ṣubú, ẹ̀jẹ̀ sì wà létí irin.

Ibì kan ṣoṣo ni kò dàrú. Ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tó ga jù, níbi tí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò ti lè rí i, òṣùwọ̀n kan wà lórí tábìlì olókùúta, nínú ilé gíláàsì tirẹ̀. Fèrèsé gíláàsì náà wà ní pípadé. Jẹ́-n-Jókòó fi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọmọ ìwọ̀n òde òní kan wà lórí àwo ọ̀tún, kò sí nǹkan kan lórí àwo òsì. Síbẹ̀ àwo méjèèjì dọ́gba, apá òṣùwọ̀n náà ò tẹ̀ síbì kankan. Ó ti rí òṣùwọ̀n lọ́jà rí, ó mọ̀ pé ibi tó bá wúwo ló yẹ kó lọ sílẹ̀. Èyí ò yé e, ó sì fi sọ́kàn.

Dókítà tó yẹ òkú wò bá a níbẹ̀. Ó ní ẹnìkan ti Akọ̀wé ṣubú, orí rẹ̀ sì gbá etí tábìlì. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí irú rẹ̀ ti sú.

"Kò kú lójú ẹsẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ tó ti ṣubú títí di ìdájí ló fi ń mí. Ká ní ẹnìkan pè wá ni, bóyá à bá máa bá a sọ̀rọ̀ báyìí."

Jẹ́-n-Jókòó dìde. Ó jáde, ó ti yàrá náà pa, ó ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò ara rẹ̀, ó fi kọ́ńsítébù kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó kìlọ̀ fún un pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ Alága fúnra rẹ̀.

Ní tésàn, igbe ọmọ ló kí i káàbọ̀. Ìyá obìnrin agbálẹ̀ náà ló jókòó sí bẹ́ǹṣì ìta pẹ̀lú ìkókó tí kò tíì lè dá jókòó, tó kọ ike oúnjẹ tí wọ́n ń tì sí i lẹ́nu. Wọ́n ti sọ fún ìyá àgbà náà pé tésàn kì í ṣe ilé ìtọ́jú ọmọ. Jẹ́-n-Jókòó gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e wọ inú àhámọ́ fúnra rẹ̀. Kọ́ńsítébù tó wà lórí káńtà fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rí ojú rẹ̀, ó yáa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan.

Iwájú aṣọ obìnrin náà ti tutù fún wàrà, ó sì ti dì fún ẹ̀jẹ̀. Ó gba ọmọ rẹ̀, ó fi sí ọyàn, ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní nírọ̀lẹ́ àná, Akọ̀wé ní kí òun máa lọ bá ọmọ òun, pé òun á ti géètì fúnra òun, nítorí òun ń retí ẹnìkan. Kò sọ ẹni tó ń retí. Jẹ́-n-Jókòó bi í bóyá ó fọwọ́ kan òṣùwọ̀n inú gíláàsì.

"Háà, sà, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ni tèmi. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo fi aṣọ nu gíláàsì yẹn, ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni Alága ti sọ pé ọwọ́ mi ò yàtọ̀ sí ọwọ́ ọ̀bọ. Akọ̀wé nìkan ló bá mi bẹ̀ wọ́n. Sà, ìyàwó Akọ̀wé wá síbí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ṣépè fún mi láti ojú irin yìí, wọ́n ṣé e dórí ọmọ yìí."

Ọ̀rọ̀ èpè yẹn ló pa á lẹ́kún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àhámọ́. Jẹ́-n-Jókòó dúró tì í títí ọmọ fi mu yó.

Ọ̀gá tésàn ló ń dúró dè é ní ọ́fíìsì. Ó ní fóònù òun ò sinmi láti àárọ̀. Alága mọ gbogbo èèyàn ńlá tó wà nílùú, àwọn àlejò kan sì ń bọ̀ láti ẹgbẹ́ tó tóbi jù tiwọn lọ, wọ́n fẹ́ wá wo àpótí tó sọnù yìí gan-an. "Lọ́la òwúrọ̀, obìnrin yẹn ń lọ kóòtù," Ọ̀gá ní. "Tó o bá ní ẹlòmíì, mú un wá kí ọkọ̀ tó gbéra." Jẹ́-n-Jókòó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n á jù ú sẹ́wọ̀n títí ẹjọ́ á fi bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ irú èyí sì lè pẹ́ títí ọmọ yẹn á fi máa rìn láìmọ ojú ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn Akọ̀wé àti agbálẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà: Alága, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ìtàn tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, àti ọkùnrin tó ń tún aago ṣe, tó ń bá ẹgbẹ́ tún irinṣẹ́ wọn ṣe, tí wọ́n ń pè ní Aláago. Ọ̀dọ̀ Aláago ni Jẹ́-n-Jókòó kọ́kọ́ yà. Ṣọ́ọ̀bù náà ò gbà ju èèyàn méjì lọ, aago tó ń lù níbẹ̀ sì pọ̀ débi pé èèyàn ní láti gbé ohùn sókè.

"Ẹ jẹ́ n jókòó ná," Jẹ́-n-Jókòó ní.

Aláago kó kẹ̀kẹ́ aago kúrò lórí àga fún un. Nígbà tó bi í pé níbo ló wà nírọ̀lẹ́ àná, ó ní òun wà nílé, òun àti ìyàwó òun ń jà. "Ẹ bi àwọn tó ń gbé òkè wa. Wọ́n bá wa dá sí i, wọ́n gbè sẹ́yìn ìyàwó mi." Ìnsípẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá béèrè bí òṣùwọ̀n ṣe lè ní ẹrù lórí àwo kan kó sì tún dọ́gba.

Aláago gbé òṣùwọ̀n kékeré kan sílẹ̀ látinú dúróà, ó fi hàn án. "Ẹ wo òkúta tó wà láàárín yìí, etí rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Orí rẹ̀ ni apá yìí ń jó lé. Tẹ́ ẹ bá já nǹkan gbà lórí àwo nígbà tí apá ń jó, etí òkúta á fọ́. Ó ti kú nìyẹn, èmi gan-an ò lè jí i. Ìdí nìyẹn tí kókó yìí fi wà nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rọra yí i, á gbé apá kúrò lórí òkúta, gbogbo rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́, ẹ lè wá mú ohun tó wù yín. Fífún òṣùwọ̀n nísinmi la máa ń pè é. Alága ló kọ́ gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó ń wọ ẹgbẹ́ tí kò kọ́kọ́ ṣe é lójú wọn. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í mọ ìgbà tá a ń ṣe é."

"Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ńkọ́?"

"Á kàn nawọ́ mú un ni, bí ẹni tó já ọsàn."

Jẹ́-n-Jókòó fẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó, ó wá rántí pé òun ti jókòó. Ó ti rí i kedere. Nǹkan kan wà lórí àwo òsì. Ẹni tó mú un lọ ti kọ́kọ́ yí kókó, ó ti rọra yí i bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó mú nǹkan ọ̀hún, ó sì pa fèrèsé gíláàsì dé kí eruku má wọ̀ ọ́. Gbogbo èyí ló ṣe nígbà tí èèyàn ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Inú bí Ìnsípẹ́kítọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ ń hó, kò sì gbọ́ aago kankan mọ́.

Iléèwé ló ti bá Tíṣà, nínú yàrá àwọn olùkọ́. Òun ní tirẹ̀ wà nípàdé àwọn òbí títí ilẹ̀ fi ṣú lánàá, ọ̀gá iléèwé àti òbí tó kún gbọ̀ngàn ló rí i. Nígbà tí Jẹ́-n-Jókòó mẹ́nu ba àpótí ọmọ ìwọ̀n, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Alága ló fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Alága sọ pé bàbá bàbá òun tó jẹ́ àgbẹ̀dẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ wọ́n, nígbà tí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí ò tíì gbọ́ gíráàmù rí. Ó ti kọ odindi ìwé nípa rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ bàbá náà sọ yàrá ńlá ẹgbẹ́ lójú àwọn àlejò tó ń bọ̀.

Ìṣe ẹgbẹ́ ni pé gbogbo ẹ̀bùn tó bá wọlé ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó kọ ìtàn rẹ̀. Ti Alága nìkan ni wọn ò wọ̀n, torí ta ló máa sọ fún Alága pé òun fẹ́ yẹ ẹ̀bùn rẹ̀ wò? Akọ̀wé ló wá ní òun á wọ̀n ọ́ kí àlejò tó dé. Ó pe Tíṣà lórí fóònù lọ́jọ́ tó kú.

"Ó ní, 'Àǹtí, wọ́n péye jù,'" Tíṣà sọ. "Mo mọ ohun tó ń wí lójú ẹsẹ̀. Àgbẹ̀dẹ ayé ìgbà yẹn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kò sí bí tirẹ̀ ṣe máa bá gíráàmù òde òní mu rẹ́gí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, láìyẹ̀ síbì kan. Ẹni tó rọ àwọn yẹn ti rí gíráàmù. Ọ̀tun ni wọ́n, wọ́n kàn fi nǹkan pa wọ́n láró kí wọ́n lè dà bí ti àtijọ́ ni. Ó ní òun máa kọ́kọ́ bá Alága sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́, kí ojú má bàa tì í níwájú àlejò."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá sọ fún wa láàárọ̀?"

"Ẹ̀rù bà mí. Alága ló kọ́ mi níwèé, òun ló kọ́ Akọ̀wé. Nígbà tó sì ní olè ni, mo fẹ́ kó jẹ́ olè."

"Ìyá ìkókó kan wà nínú àhámọ́ lórí ẹ̀rù yín," Jẹ́-n-Jókòó ní. Kò rọ ọ̀rọ̀ náà fún un, Tíṣà náà ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó rọ̀ ọ́. Ó bo ojú rẹ̀, ó ń bínú sí ara rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Alága ló kù. Bàbá náà wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó mú kọ́ńpáàsì kékeré kan dání, ó ń yí i wò lábẹ́ iná. Ó ní òun wà nílé lánàá, òun ń kàwé. Òun nìkan ló ń gbélé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí i tàbí kó takò ó. Akọ̀wé ò bá òun sọ nǹkan kan nípa ọmọ ìwọ̀n. Nígbà tí Jẹ́-n-Jókòó dárúkọ obìnrin agbálẹ̀, ó ní irú wọn ò ṣeé fi ilé sílẹ̀ fún. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni òṣùwọ̀n. Ṣé àwọn ọlọ́pàá ò fọwọ́ kàn án? Ṣé wọn ò gbé e? Ṣé wọ́n mọ̀ pé irú rẹ̀ ò sí mọ́? Ó tún un bi títí. Kò béèrè ìyàwó Akọ̀wé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Jẹ́-n-Jókòó jáde níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Kò sí àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ fóònù òkú ò sì tó láti fi mú ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ gbogbo ìlú. Ó bú bàbá náà nínú ọkàn rẹ̀ láti géètì dé ìdí ọkọ̀. Inú ọkọ̀ ló wà nígbà tí ìbéèrè òṣùwọ̀n yẹn tún sọ sí i lọ́kàn, ó sì rí ọ̀nà tó máa gbà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ kóòtù tó gbéra, ó kó gbogbo wọn jọ sí yàrá ńlá ilé ẹgbẹ́. Alága wà níbẹ̀, Tíṣà àti Aláago wà níbẹ̀, Ọ̀gá tésàn náà wà níbẹ̀ tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ dúdú ni Ìnsípẹ́kítọ̀ fi bo ilé gíláàsì òṣùwọ̀n. Alága fi sùúrù ti àga kan sún mọ́ ọn, ó ní kó jókòó.

"Rárá, sà," Jẹ́-n-Jókòó ní. "Mo fẹ́ dúró."

Àwọn kọ́ńsítébù wo ara wọn lójú.

Ó ní òun pè wọ́n láti bá wọn kẹ́dùn ni, torí ìròyìn òun ò dára. Ẹni tó pa Akọ̀wé ti já nǹkan gbà lórí òṣùwọ̀n wọn pẹ̀lú ipá. Etí òkúta ti fọ́, apá rẹ̀ ti wọ́, ó ti parí. Aláago ká ọwọ́ lérí. Tíṣà ní háà. Jẹ́-n-Jókòó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò mọ iyì nǹkan.

"Ẹni tó ṣe é ò mọ òṣùwọ̀n rí láyé rẹ̀. Mo ti ní kí àwọn ọmọ wa gbé e lọ sí ààtàn, kí gíláàsì rẹ̀ má bàa ṣe èèyàn léṣe."

Ẹ jẹ́ kó yé wa dáadáa. Irọ́ tí Ìnsípẹ́kítọ̀ ń pa yìí, Alága gan-an ló máa gbà là. Tó bá jẹ́ ẹni tí kò mọ òṣùwọ̀n ló ṣe é, a jẹ́ pé agbálẹ̀ ló ṣe é nìyẹn, bàbá ti bọ́. Ohun tí ó kù fún un ò ju kó mi orí, kó kẹ́dùn, kó sì máa lọ sílé. Ó sì mi orí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ́ńsítébù méjì ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ dúdú náà bí ẹni tó fẹ́ gbé àpò sìmẹ́ǹtì, ọ̀pá ìtilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Kò fọ́. Kò lè fọ́. Mo fún un nísinmi kí n tó mú nǹkan kúrò lórí rẹ̀."

Ọ̀gá tésàn sọ ọwọ́ tó fi ń wo aago sílẹ̀. Alága wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Jẹ́-n-Jókòó ṣí aṣọ dúdú náà kúrò, ó sì gbé fèrèsé gíláàsì sókè díẹ̀. Òṣùwọ̀n wà bó ṣe wà, ó ń dán, ó dọ́gba. "Òótọ́ ni, kò fọ́," ó ní. Ó wá ṣàlàyé fún Ọ̀gá. Láti ìgbà tí òun ti wò ó tán lánàá, yàrá náà wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò òun. Kó tó di ìgbà yẹn, Alága ò wọlé, ẹni tó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi tirẹ̀ ò lè rí òṣùwọ̀n. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé wọ́n fún un nísinmi àfi ẹni tó yí kókó náà. Ẹrù wà lórí àwo kan, kò sí lórí èkejì, torí ọmọ ìwọ̀n ayédèrú tó wà níbẹ̀ ni wọ́n mú lọ. Agbálẹ̀ ì bá já a gbà, òkúta ì bá sì fọ́. Ẹni tó ṣe é ti kọ́ ọ́, ó ti fi kọ́ èèyàn, ó ti mọ́ ọn lára débi pé ọwọ́ rẹ̀ ṣe é fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá náà. Ọ̀rọ̀ 'ẹ' tó ti fi ń bọ̀wọ̀ fún un láti àná ti tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ tí o kọ́ níṣẹ́ pè ọ́ wá síbí kí ojú má bàa tì ọ́. O tì í, ó ṣubú. Mo lè gbà pé inú ló bí ọ. Ṣùgbọ́n ó ń mí. O gbọ́ ọ tó ń mí. O rìn kọjá lára rẹ̀, o yí kókó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, o mú irọ́ rẹ, o tilẹ̀ pa gíláàsì dé nítorí eruku. Fóònù wà lápò rẹ. Ní òwúrọ̀, o wá dúró síbẹ̀ yẹn, o fi ọ̀pá nàka sí obìnrin tó gbé orí rẹ̀ nílẹ̀."

"Ó fẹ́ sọ bàbá mi di ẹni yẹ̀yẹ́," Alága ní. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Ìwé mi wà ní gbogbo iléèwé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́, ó kọ̀. Mo rò pé ó ti kú."

"Irọ́ lo ń pa," Tíṣà sọ. Òun gan-an ló dìde, omi ń dà lójú rẹ̀. "O ò rò bẹ́ẹ̀. O kọ́ wa pé kéèyàn máa wò kó tó sọ̀rọ̀. O ò wò ó ni."

Inú búùtù ọkọ̀ Alága ni wọ́n ti rí àpótí náà. Ọmọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan wà ní ojú ihò rẹ̀, ó ti nù wọ́n mọ́. Nígbà tí kọ́ńsítébù ń mú Alága jáde nínú yàrá ńlá, ó dúró, ó yíjú padà sí kọ̀rọ̀ yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ bá mi pa gíláàsì rẹ̀ dé. Atẹ́gùn ò gbọdọ̀ fẹ́ sí i."

Jẹ́-n-Jókòó rìn lọ sí ìdí òṣùwọ̀n náà. Ó gbé fèrèsé gíláàsì rẹ̀ sókè tán pátápátá, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jáde.

Ní tésàn, ó ránṣẹ́ pe ìyàwó Akọ̀wé kí wọ́n tó tú agbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fún Jẹ́-n-Jókòó ní àga, kò gbà á. Ó dúró níwájú opó náà, ó sọ ẹni tó ṣe é fún un, ó sì sọ èyí tí kò wù ú láti sọ, pé wọn ì bá ti gba ọkọ rẹ̀ là. Opó náà ò sunkún. Ó béèrè ibi tí obìnrin tí òun ṣépè fún wà.

Obìnrin náà ti wà lórí bẹ́ǹṣì ìta, ọmọ rẹ̀ ti sùn sí i láyà. Aṣọ ọjọ́ yẹn ṣì ni ó wà lọ́rùn rẹ̀. Opó náà kúnlẹ̀ fún un, òun tó jù ú lọ, níwájú àwọn ọlọ́pàá. Obìnrin náà fi ọwọ́ kan tó ṣófo dì í mú, ó fẹ́ gbé e dìde, kò sì lè gbé e. Ni òun náà bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà," ó ní. "Mo gbé orí wọn lé itan mi. Látìgbà tí mo ti dé, wọn ò dá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́."

Ìgbà yẹn ni opó náà tó lè sunkún. Jẹ́-n-Jókòó wo ibòmíràn, ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ṣófo náà.